Àpótí latex tí a fi ń dá staph mọ̀: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ní Kubwa

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí a ti ń lo àpótí àyẹ̀wò latex fún Staphylococcus aureus (aureus ni màá máa pè é), ọ̀kan lára àwọn kòkòrò tí à ń pè ní staph, ní ilé àyẹ̀wò kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kubwa, níbí ní Àbújá. Mo rò pé ó tó àkókò kí n sọ ohun tí mo rí nípa rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ronú láti ra tiwọn, àti fún àwọn èèyàn wa tó máa ń gba ìwé èsì tí a kọ «staph» sí láìmọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, nítorí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú àpótí yìí ju ẹyọ kan lọ, ìlànà kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé, débi pé ohun tí mo bá wí nípa ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbogbo wọn.

Àpótí náà kò tóbi ju páálí ṣúgà oníhóró lọ. Ìgò kékeré méjì tí ẹnu wọn ń kán omi díẹ̀díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn káàdì tí a ya àmì róbótó sí lójú, àti ìdì igi pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń ro nǹkan pọ̀. Omi inú ìgò kìíní dà bíi mílíìkì tí a fi omi là. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ róbà tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ló léfòó nínú rẹ̀, àwọn ni à ń pè ní latex, àwọn tó ṣe é sì ti fi ohun méjì tó wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bo ara wọn. Èkíní ni fibrinogen, purotéènì tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́. Èkejì ni IgG, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn antibody tí ara wa fi ń bá àrùn jà. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ inú ìgò kejì kò ní àwọn purotéènì wọ̀nyí lára, àwọn ni a fi ń yẹ iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ wò. Ìbéèrè tí àpótí yìí ń bi kòkòrò kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ o lè di ohun tó jẹ́ ti ara ènìyàn mú? Bí ó bá lè dì í mú, kòkòrò kan á gbá ìlẹ̀kẹ̀ méjì mẹ́ta mú, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà á sì wà lọ́wọ́ kòkòrò méjì mẹ́ta, títí gbogbo wọn á fi ṣù pọ̀ lójú wa.

Kí a tó rà á, inú túùbù la ti máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. A ó fi díẹ̀ lára èéhù kòkòrò, ìyẹn àwọn kòkòrò tó ti hù ṣù jọ lójú abọ́ oúnjẹ wọn, sínú plasma, ìyẹn omi tó máa ń dá dúró lókè nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bá ti rì sísàlẹ̀, a ó gbé e sínú àpótí ìgbóná tó wà ní ìwọ̀n 37, a ó sì padà wò ó lẹ́yìn wákàtí 4 bóyá ó ti dì bí ẹ̀kọ tútù. Bí kò bá tíì dì, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wákàtí 4 yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú fò, nítorí àwọn aureus kan wà tó ń pèsè ohun tí à ń pè ní staphylokinase, èyí tó ń mú kí ohun tó ti dì tún yọ́ padà. Ẹni tí kò bá wò ó lọ́sàn-án, tó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé, lè bá omi lásán nínú túùbù kó sì kọ sínú ìwé pé kì í ṣe aureus. Ẹ fi àìsí iná kún un. Ní ọjọ́ tí iná bá lọ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, àpótí ìgbóná á ti tutù kí wákàtí 4 tó pé, èmi tí mo kọ èsì náà kò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lórí ohun tí mo kọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí àpótí náà dé ọwọ́ wa ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà wá, pẹ̀lú eéwo ńlá kan ní abíyá òsì tó ti ń dà á láàmú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Dókítà ti là á, ó sì fi ọyún rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, lẹ́yìn tí mo ti pa ọ̀dà sí i, àwọn kòkòrò náà pọ́n bí elésè àlùkò, wọ́n róbótó, wọ́n sì so jọ bí ìdì èso àjàrà. Bí Alexander Ogston, oníṣẹ́ abẹ kan ní Aberdeen ní Scotland, ṣe rí wọn nínú ọyún aláìsàn rẹ̀ ní 1880 náà nìyẹn, kó tó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ìdì àjàrà sọ wọ́n lórúkọ ní 1882. Rosenbach ará Jámánì ló fi aureus kún un ní 1884, nítorí àwọ̀ wúrà tó rí lára èéhù wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èéhù tó yọ lójú abọ́ wa náà ní àwọ̀ bíi ti inú ẹyin adìẹ tó ṣá díẹ̀. Ìrísí yẹn mú mi fura, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe èsì.

Mo kán ẹ̀kán latex kan sínú àmì róbótó àkọ́kọ́, mo kán ti inú ìgò kejì sínú èyí tó tẹ̀ lé e, mo fi orí igi bu èéhù díẹ̀, mo sì rò ó pọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbé káàdì náà lọ́wọ́, tí mo ń rọra mì ín síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná. Kí n tó ka ẹẹ́wàá, ojú latex náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní pátipàti. Kí ó tó tó ìṣẹ́jú àáyá 20, ó ti já bí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ti da omi ewé bomubómu sí, omi rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, ìṣù funfun wẹẹrẹ-wẹẹrẹ sì kún ojú káàdì. Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wà bí mílíìkì, kò yí padà rárá. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi pé kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, «Ọ̀gá, ṣé èyí tí à ń dúró dè láti àárọ̀ dalẹ́ náà nìyí?» Òun náà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí káàdì yẹn ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní abíyá ìyá náà kí wọ́n tó la eéwo rẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yé àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ láàbù. Ara kòkòrò yìí kò dán bí ẹyin. Ó kún fún àwọn okùn purotéènì tó nà síta, tí ìdí wọn sì rinlẹ̀ mọ́ ògiri tó yí kòkòrò náà ká. Ní 1999, àwọn onímọ̀ tó ń bá Olaf Schneewind ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé énsáìmù kan tó ń jẹ́ sortase ló ń ṣe iṣẹ́ náà: á gé ìdí okùn kọ̀ọ̀kan níbi àmì kan pàtó, á sì so ó mọ́ ògiri bí wẹ́dà ṣe ń jó irin mọ́ irin. Ọ̀kan nínú àwọn okùn wọ̀nyí ni clumping factor A, tí a máa ń gé kúrú sí ClfA, òun sì ni ọwọ́ tí aureus fi ń gbá fibrinogen mú. Apá méjì ló wà níbi tí ọwọ́ náà ti ń mú nǹkan, kòtò tóóró kan sì là wọ́n láàárín. Ìrù fibrinogen á rọra wọ inú kòtò náà, okùn kékeré kan lára ClfA fúnra rẹ̀ á ṣẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, orí okùn náà á sì lọ há sí ẹ̀gbẹ́ apá kejì. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń pọ́n ọmọ ti rí bó ṣe ń ṣe é: ọmọ á kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyá á fa ìró bò ó, á wá fi etí ọ̀já há abẹ́ ara rẹ̀, ọmọ náà lè máa fò sókè fò sílẹ̀ kó má já.

Bí ìdìmú yẹn ṣe lágbára tó kọjá ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti mú okùn irú èyí láti ara Staphylococcus epidermidis, ìbátan aureus tó ń gbé ojú awọ ara wa, tí wọ́n jẹ́ kó di ibì kan lára fibrinogen mú, tí wọ́n sì fi ohun èlò tó ń fa ẹyọ purotéènì kan ṣoṣo fà wọ́n ya. Agbára tó gbà lé ní nanonewton 2. Ìyẹn sún mọ́ agbára tí a fi ń já átọ́mù méjì tó ti so pọ̀ kúrò lára ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìdìmú lásán ni, kì í ṣe ìsopọ̀. Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ohun tó fa á tí fífọ omi lásán kò fi ń mú staph kúrò lójú egbò nìyẹn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí epidermidis lè jókòó sára túùbù oníke tí wọ́n ki bọ iṣan aláìsàn, nítorí kò ní pẹ́ rárá tí túùbù bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí fibrinogen àti àwọn ìbátan rẹ̀ á ti bo ojú rẹ̀. Ibi tí epidermidis ń dì mú lára fibrinogen yàtọ̀ sí ti aureus, kì í sì í sábà mú kí latex tiwa ṣù, ìdí sì nìyí tí àpótí náà fi lè yà á sọ́tọ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń rò pé àyẹ̀wò inú túùbù àti ti káàdì ń wo ohun kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Coagulase tí túùbù ń wá jẹ́ ohun tí kòkòrò náà ń tú jáde sínú omi tó yí i ká. Ó ń lọ gbá prothrombin inú ẹ̀jẹ̀ wa mú, ó sì ń sọ ọ́ di irinṣẹ́ tó ń yí fibrinogen padà di fibrin, okùn dídì, láìdúró de àṣẹ ara. Àwọ̀n dídì yẹn ni kòkòrò náà fi ń mọ odi yí ara rẹ̀ ká, kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà má lè ráyè wọlé, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí eéwo le bí òkúta kí ó tó rọ̀. Káàdì ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò. Túùbù ń wo ohun tó tú jáde. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti da túùbù rẹ̀ nù nítorí pé ó ti ra àpótí.

Apá kejì tí àpótí náà ń bi kòkòrò ní ìbéèrè ni ti IgG, ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú aureus sì ti hàn jù lójú mi. Antibody ní apá méjì tó fi ń gbá kòkòrò àrùn mú, ó sì ní ìdí, ìyẹn ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń dá a mọ̀, tó ń rí dìmú láti gbé òun àti ohun tó mú mì. Purotéènì kan wà lára aureus tó ń jẹ́ protein A, ìdí yẹn gan-an ló sì ń dì mú. Antibody á wá wà lára kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn apá rẹ̀ á kọjú síta, ìdí rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Ara wa ló rọ idà, èèkù rẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Sẹ́ẹ̀lì funfun á dé, kò ní rí ohun tí yóò gbá mú. Lórí káàdì, ohun tó ń ṣe wá ní ibi yìí ni a fi ń dá a mọ̀: aureus tí ClfA rẹ̀ kò bá pọ̀ tó láti mú latex ṣù lè fi protein A mú un ṣù. Bí wọ́n ṣe kó ohun méjì pa pọ̀ sórí ìlẹ̀kẹ̀ kan yìí ni ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn.

Síbẹ̀, ìdìmú tí àpótí yìí kò bi kòkòrò léèrè pọ̀. Pentti Kuusela ní Fíńláńdì ti kọ ọ́ láti 1978 pé aureus ń di fibronectin mú, purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì wa. Ohun tó burú nínú èyí ni pé fibronectin tún ní ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tiwa ń gbà dì í mú, nítorí náà ó ń di afárá: kòkòrò di ìhín mú, sẹ́ẹ̀lì di ọ̀hún mú, sẹ́ẹ̀lì á sì fa kòkòrò náà wọ inú ara rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ oògùn kì í ti í rí i dáadáa. Àwọn aureus kan ní okùn mìíràn tó ń wé mọ́ collagen, purotéènì tó pọ̀ nínú eegun àti kèrékèré oríkèé, èyí sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ba oríkèé jẹ́. Nínú imú, clumping factor B ló ń di keratin àti loricrin mú lára àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tó ti gbẹ, bí eèmọ́ inú igbó ṣe ń mọ́ etí ṣòkòtò. Nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ènìyàn ló ń gbé aureus kiri nínú imú bẹ́ẹ̀ láìsí àìsàn kankan.

Ìdá 30 yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń gba èsì fi sọ́kàn. Nígbà tí ìyá elèlùbọ́ padà wá, ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀ díẹ̀ nítorí ooru, ó ní, «Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí?»

Mo ní, «Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Staph la rí nínú ọyún eéwo yín, dókítà yín á wo oògùn tó bá a mu.»

Ojú rẹ̀ yí padà. «Hà! Staph tí wọ́n ń polówó oògùn rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Nyanya yẹn? Èyí tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ? Ọmọ mi obìnrin ti ná owó rẹpẹtẹ lórí i rẹ̀, wọ́n ní ó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀.»

Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé inú ọyún eéwo ni a ti rí èyí, níbi tí kò yẹ kí kòkòrò kankan wà, maikirosíkóòpù sì fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kún ibẹ̀ tí wọ́n ń bá a jà. Ẹjọ́ rẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ ọmọ wọn lè jẹ́ pé ojú awọ ara ló ti bọ́ sínú ike ìtọ̀, ó sì lè má jẹ́ aureus rárá, nítorí ilé àyẹ̀wò tó bá kọ «staph» láìkọ irú èyí tó jẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní kí ọmọ náà mú ìwé èsì yẹn lọ bá dókítà kó tó tún ra àgbo tàbí abẹ́rẹ́ mìíràn. Wọ́n ní, «Ọlọ́run á bù kún un yín, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ó ní irú-ín-rú.» Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń rántí bí mo bá ń ronú lórí bóyá owó tí a fi ra àpótí yìí tọ́. Ìyàtọ̀ láàárín aureus àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó kàn ń gbé ojú awọ ara ni àpótí náà ń fún wa láàárín ìṣẹ́jú kan, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú yìí kò rí gbà kí wọ́n tó máa gbé oògùn mì.

Àwọn àléébù rẹ̀ wà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ wọ́n. Staphylococcus lugdunensis, tí wọ́n fi orúkọ àtijọ́ ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé sọ ní 1988, lè di fibrinogen mú kó sì tan káàdì jẹ. Inú túùbù, kò sábà ń mú plasma dì. Kì í ṣe kòkòrò tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ó lè ba fáàfù ọkàn jẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, ó sì yẹ kí èsì sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìdàkejì, àwọn aureus kan wà tí èèpo tó nípọn bo ara wọn, débi pé ClfA àti protein A wọn fara pamọ́, ìlẹ̀kẹ̀ kò sì ní ṣù. Àwọn àpótí àtijọ́ ti pàdánù àwọn aureus tó ń ṣàyà gbàǹgbà sí oògùn methicillin lọ́nà yìí. Ìdí rèé tí àwọn kan nínú àwọn tuntun fi ní antibody sí èèpo náà lórí ìlẹ̀kẹ̀ wọn pẹ̀lú. Ẹ ka ìwé tó wà nínú àpótí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wò ó bóyá ohun méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí mẹ́ta. Èmi á san owó lé e fún onímẹ́ta.

Èéhù tí a bá mú láti orí abọ́ oníyọ̀, ìyẹn mannitol salt agar tí iyọ̀ inú rẹ̀ tó ìdá 7.5 nínú 100, máa ń le lọ́wọ́ mi nígbà mìíràn, kì í tú dáadáa, ó sì máa ń fà bí ilá. Láti orí abọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni mo ti ń mú un báyìí.

Ohun tó dùn mí jù ni ti àpótí kejì. Inú oṣù kẹta, nígbà tí ooru Àbújá ń bọ́ awọ lára èèyàn, ni a rà á lọ́wọ́ oníṣòwò ohun èlò láàbù kan láàárín ìgboro. Ìwé ara rẹ̀ sọ pé ìwọ̀n 2 sí 8 ni kó máa wà, kí ó má sì dì. Nígbà tí mo ṣí i, mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe sí gbogbo ìgò tuntun: mo fi aureus tí mo mọ̀ dán an wò, mo tún fi epidermidis tí mo mọ̀ dán an wò. Méjèèjì ló ṣù. Mo kán ẹ̀kán latex lásán sórí káàdì, láìfi kòkòrò kankan sí i, mo mì ín. Òun náà ṣù, wóró-wóró bí gàrí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi wọ́n. Ẹ̀yìn tí mo bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé ìtajà náà ni mo tó gbọ́ pé inú fíríìsà tó ń di yìnyín ni wọ́n ń kó gbogbo ọjà wọn sí nígbà tí iná bá wà, kí ó lè pẹ́ kí ó tó yọ́ nígbà tí iná bá lọ. Latex tó bá ti dì rí ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, kò sí ohun tí a lè fi tú wọn mọ́. Wọ́n kọ̀ láti gbà á padà, wọ́n ní ọjà tí a bá ti ṣí ti di tiwa. Owó náà wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dẹ́rù bà mí ju owó lọ ni pé bí kì í bá ṣe pé mo dán an wò, gbogbo ẹni tó bá mú ìtọ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ǹ bá kọ aureus fún. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bá ẹni tó ń tà á dé ibi tó ń kó o sí, kí ẹ gbé kúlà oníyìnyín dání, kí ẹ sì fi nǹkan sáàárín yìnyín àti àpótí kí yìnyín má fara kàn án.

Ohun méjì mìíràn wà tí àpótí yìí kò lè sọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Kò lè sọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́. Aureus tó ń di fibrinogen mú dáadáa lè jẹ́ èyí tí oògùn rírọrùn ń pa, ó sì lè jẹ́ MRSA, ìyẹn aureus tó ń ṣàyà gbàǹgbà sí methicillin, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ní Ìlú Ọba ní 1961 tí a sì ń rí ní Nàìjíríà náà. A ṣì ní láti gbé díìsìkì tí a fi oògùn cefoxitin sí lé abọ́, kí a dúró di ọjọ́ kejì, kí a wọn ibi tí kò hù sí. Kò sì lè sọ bóyá kòkòrò náà ló fa àìsàn. Ọyún eéwo, ẹ̀jẹ̀, omi oríkèé, ìwọ̀nyí ni mo máa ń sáré fi àpótí náà yẹ̀ wò. Dídì ohun ara ènìyàn mú nìkan kò tó láti dá kòkòrò lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni dídènà ìdìmú kan ṣoṣo kò tíì tó láti borí rẹ̀: Pfizer fi ClfA sínú àjẹsára kan tó ní èròjà mẹ́rin, wọ́n dán an wò lára àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n sì dá a dúró ní oṣù kejìlá 2018 nígbà tó hàn pé kò ní dáàbò bò wọ́n. Kòkòrò tó ní ọwọ́ púpọ̀ báyìí, bí a bá ká ọ̀kan, á fi òmíràn mú.

Iye owó àpótí náà ń tẹ̀ lé dọ́là, kò sì rọrùn fún ilé àyẹ̀wò kékeré. Bí ẹ kò bá rí eéwo, egbò tàbí ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ẹ máa bá túùbù yín lọ, kí ẹ sì máa wò ó ní wákàtí 4, nítorí ọjọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ á ti kọjá lórí àpótí kí ẹ tó lò ó tán. Ilé àyẹ̀wò tó ń gba iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, tàbí tó ń rí egbò àwọn alátọ̀gbẹ lójoojúmọ́, kò yẹ kó wà láìní i. Àwa ti ra ẹ̀kẹta. Ìpele àárín fíríìjì la gbé e sí, jìnnà sí ẹnu ibi tí yìnyín ti ń jáde, ohun tí a fi ń wọn ìgbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi sì ń kọ ìwọ̀n náà sára ìwé tó wà lójú ilẹ̀kùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èéhù tí a bá rí lójú káàdì pé ó ṣù, a ṣì ń fi sínú túùbù bí kò bá bá ìrísí rẹ̀ lójú abọ́ mu, lórí ìwé èsì wa, «Staphylococcus aureus» la ń kọ ní kíkún bí ó bá jẹ́ òun, bí kì í bá sì í ṣe òun, a ó kọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe òun.